Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: owó ìkànnì ṣọ́ọ̀bù mi ti di ìlọ́po mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó ń dá mi lóhùn

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣi ẹsẹ̀ gbé.

Aṣọ ni mo ń tà ní Fọ́lágbádé níbí. Aṣọ òkè, dàmáàsì, fìlà, ìpèlé, gbogbo ohun tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń mú fún Ojúde Ọba. Ó ti lé lọ́dún méjì tí mo ti ní ìkànnì tèmi lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò fi ṣe fáàrí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó wà ní London àti Houston ló ń rajà lọ́wọ́ mi jù, wọn kì í sì í fẹ́ kí n fi ogún fọ́tò ránṣẹ́ kí wọ́n tó yan ẹyọ kan. Wọ́n á wọ orí ìkànnì náà, wọ́n á wo àwọ̀ tí ẹgbẹ́ wọn mú, wọ́n á sanwó, ó parí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló bá mi ṣe é. Lọ́dún kìíní, ₦42,000 ni mo san fún ilé iṣẹ́ tó gbé e sí. Lọ́dún kejì, ₦78,000. Mo mí kanlẹ̀, mo san án, mo ní dọ́là ló wọ́n. Lọ́dún yìí, ₦131,150 ni wọ́n kọ ránṣẹ́.

Ó dùn mí, ṣùgbọ́n owó nìkan kọ́ ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ọjà kì í dúró lójú kan. Èmi náà kò ta aṣọ òkè ní iye tí mo tà á ní 2022 mọ́. Bí oníbàárà bá sì bi mí ìdí tó fi wọ́n, màá fa òwú yọ, màá fi hàn án, màá sọ iye tí ahunṣọ gbà. Èmi náà béèrè ìdí lọ́wọ́ àwọn wọ̀nyí. Mo kọ íméèlì lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ohun tó padà wá ni pé àwọn ti gba ọ̀rọ̀ mi, kí n máa retí àwọn láàárín wákàtí 24, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan. Títí di Fúráìdé, nọ́ńbà yẹn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi. Mo wá tẹ ibi tí wọ́n ní ká ti bá àwọn sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ni. Mo kọ ọ́ pé, "Kí ló dé tí owó fi lọ sókè?" Ó ní ṣé orúkọ ìkànnì tuntun ni mo fẹ́ rà. Mo tún un kọ. Ó tún bi mí bóyá tuntun ni mo fẹ́ rà.

Ibi tí mo ti ń retí wọn ni ọjọ́ ti pé. Oníbàárà mi kan pè mí láti Houston láàárín òru, ó ní, "Mọ̀mí, ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ti kógbá wọlé ni?" Mo ṣí fóònù lórí ibùsùn. Níbi tí àwọn obìnrin tó wé gèlè aláwọ̀ àlùkò wà tẹ́lẹ̀, ojú ewé funfun ni mo bá, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ orúkọ yìí ti pé, ìpolówó tí mi ò mọ̀ rí wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n kọ nǹkan yẹn sábẹ́ rẹ̀ o. Mi ò sùn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ẹgbẹ́ méjì ti mú aṣọ lọ́wọ́ mi, Iléyá ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún, Ojúde Ọba sì ni ọjọ́ kẹta rẹ̀. Ṣé kí n san owó yìí, àbí kí n kó lọ síbòmíràn? Ọmọ tó ṣe é ti lọ sí ìlú òyìnbó, fóònù rẹ̀ kò lọ.

Bàbá Onípákó, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Aláṣọ. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. WhatsApp Business kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ lè to ọjà sínú rẹ̀ pẹ̀lú fọ́tò àti iye owó. Òun ni mo fi ń ta pákó.

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣeun, Bàbá. Mo ní in, mo sì ń lò ó dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní nọ́ńbà mi nìkan ló lè bá mi níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ mí rí, tó wá aṣọ Ojúde Ọba lórí Google, ìkànnì yẹn ló ń mú un dé ọ̀dọ̀ mi.

Oníkọ̀ǹpútà, Ṣágámù

Mọ̀mí, ẹ kú ìrójú. Ẹ má tíì san ₦131,150, ẹ má sì tíì kó kúrò.

Nǹkan méjì ni wọ́n dì pọ̀ fún yín. Orúkọ ìkànnì, ìyẹn domain, ni pátákó tí ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín sí. Hosting ni ṣọ́ọ̀bù tí ẹ háyà. Ẹ lè kó kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù lọ́la kí ẹ gbé pátákó yín lọ síbòmíràn. Ṣùgbọ́n bí pátákó bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, kò síbi tí ẹ kó lọ tí oníbàárà yín á ti rí yín. Nítorí náà, pátákó ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà.

Ṣé .com ni? Bó bá jẹ́ òun ni, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń fún ni láyè díẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ bá pé. Ó lè tó ọjọ́ 45, ṣùgbọ́n àwọn kan kì í jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí àyè yẹn bá kọjá, ọjọ́ 30 mìíràn wà tí ẹ ṣì lè rà á padà, ṣùgbọ́n ìtanràn ibẹ̀ máa ń ga. Lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 5 péré, ó di ti ẹni tó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyí: orúkọ ta ni wọ́n fi rà á? Ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ ìkànnì yín síbẹ̀. Ó lè má fi orúkọ ẹni tó ni ín hàn, ṣùgbọ́n ẹ ó rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti ọjọ́ tó pé. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ ohun tó wà nínú ìwé owó yẹn síbí fún mi, ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

.com ni. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tó ti pé. Ìwé owó náà: domain ₦24,000, hosting ₦68,000, SSL ₦22,000, backup ₦8,000, VAT ₦9,150.

Oníkọ̀ǹpútà, Ṣágámù

A dúpẹ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án kò tíì burú.

SSL ni ohun tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ tó ń lọ láàárín oníbàárà àti ìkànnì yín; òun ni àwọn ẹ̀rọ kan ń fi àmì àgádágodo hàn fún lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìkànnì. Àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ 90 ló ń lò, ẹ̀rọ hosting á sì máa tún un gbà fúnra rẹ̀. Ìkànnì tó kéré bíi tiyín kò nílò èyí tí wọ́n ń san ₦22,000 fún. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ní ti pé owó ń gòkè, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. ₦42,000 àkọ́kọ́ yẹn, èènì ni wọ́n fi fà yín wọlé. Iye tí ẹ ó máa san lọ́dún kejì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ béèrè, ó sì máa ń wà ní lẹ́tà kékeré nísàlẹ̀. Èkejì, dọ́là ni wọ́n ń san fún àwọn tó ni ẹ̀rọ. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní June 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 lọ́jà ìjọba. Kí 2024 tó parí ó ti kọjá ₦1,500. Ẹ̀kẹta, cPanel, tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń darí hosting, yí owó rẹ̀ padà ní 2019: iye oníbàárà tó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wá ń kà. Àwa tí a wà nísàlẹ̀ ni ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀ lé lórí.

Olùkọ́ Àgbà, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ yín kàn mí gan-an. Ilé ìwé kékeré ni mo ní. A gba sọ́fítíwìà kan tó ń ṣe èsì ìdánwò, iye ọmọ tó wà nílé ìwé ni wọ́n fi ń gba owó ní táàmù kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, mo ní kí wọ́n fún mi ní èsì ọdún mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ kí n máa lọ. Wọ́n ní kò sí ọ̀nà tí wọ́n lè fi kó o jáde. Èmi àti akọ̀wé wa jókòó, a fi ọwọ́ da èsì àwọn ọmọ kọ sínú ìwé, kíláàsì kan tẹ̀lé ìkejì, nítorí àwọn òbí tó ń gba ìwé ẹ̀rí fún ọmọ tó ti kúrò. Oṣù kan gbáko.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó wọ ibòmíràn, ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe jáde. Kí ẹ sì rí i pẹ̀lú ojú yín pé ẹ lè gbé ẹrù yín sórí fláàṣì.

Ọmọ Onílé-Ẹ̀rọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ ṣé mi jẹ́ẹ́ o, mo ń ta hosting níwọ̀nba. Ẹni tó bá ra èyí tó pọ́ọ́kú jù lọ, owó tó san kò lè gbọ́ bùkátà ènìyàn kan tó máa jókòó ti fóònù tọ̀sán tòru. Ìdí tí ẹ fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn kọ̀wé ní Mọ́ńdè kó má rí èsì títí di Fúráìdé kò dáa, mi ò ní gbè wọ́n lẹ́yìn. Ẹ ṣe báyìí: kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ilé iṣẹ́ kan, ẹ kọ ìbéèrè kan ránṣẹ́ sí wọn lálẹ́ Sátidé, ẹ wo ìgbà tí wọ́n á dáhùn. Bí wọ́n bá sì kọ ọ́ pé ìdá 99.9 nínú ọgọ́rùn-ún ni ìkànnì yín á máa fi wà lójú, ẹ mọ̀ pé ó ń fún wọn láyè nǹkan bí ìṣẹ́jú 43 lóṣù tí ìkànnì yín lè fi má wà lójú. Ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọ Ìlíṣàn

Ẹ tọ́jú gbogbo íméèlì yẹn, Mọ̀mí. Bí wọ́n bá gba owó yín tí wọn kò ṣiṣẹ́, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, tí òfin 2018 gbé kalẹ̀, ń gba ẹ̀sùn oníbàárà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ibi tó dé.

Bí Oníkọ̀ǹpútà ṣe béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fi rà á, àyà mi já. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, mo gba Pòrógun lọ, ó di ọ̀dọ̀ ìyá ọmọ náà. Mo bá a níbi tó ti ń rin ewùrà fún ìkọ́kọrẹ́. Mi ò pariwo. Mo jókòó lórí àpótí, mo ṣí ojú ewé funfun yẹn, mo fi hàn án, mo ní, "Ìyá, iṣẹ́ ọmọ yín ló dà báyìí." Ó wò ó títí. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó ní kí ọmọbìnrin kékeré kan bá òun pe bùrọ̀dá rẹ̀ lórí fídíò. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

Ọmọ náà kò sá fún mi. Nọ́ńbà Nàìjíríà rẹ̀ ni kò lò mọ́. Íméèlì tirẹ̀ ló fi ra domain, ibẹ̀ ni gbogbo ìkìlọ̀ pé ọjọ́ ń pé lọ sí, kò sì ṣí i mọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Orúkọ ẹni ẹlẹ́ni lo kó sápò lọ sí ìlú òyìnbó?" Ojú wa níbẹ̀ ló ti kó àṣẹ rẹ̀ fún mi, ó fi orúkọ mi àti íméèlì mi rọ́pò tirẹ̀. Mo san ₦25,800 fún domain nìkan, pẹ̀lú VAT. Pátákó ti wà lọ́wọ́ mi. Ṣọ́ọ̀bù ló kù.

Oníkọ̀ǹpútà, Ṣágámù

Ẹ ṣé o, Mọ̀mí! Inú mi dùn.

Ẹ ní kí wọ́n gba owó hosting oṣù kan péré lọ́wọ́ yín, kí ìkànnì lè padà sójú kí a sì kó fáìlì àti àkọsílẹ̀ àwọn oníbàárà yín jáde. Ẹ má ṣe gbé domain kúrò níbẹ̀ báyìí. Nígbà tí ẹni tó ni ín bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà, wọ́n sábà máa ń tì í pa fún ọjọ́ 60 kó tó lè lọ sí ilé iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn kò dí hosting lọ́wọ́. A ó kàn darí orúkọ náà sí ibi tuntun.

Ìyá Aláṣọ, Ìjẹ̀bú-Òde

Wọ́n ti gba ti oṣù kan, ₦7,500. Ìkànnì ti padà láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yìí, àwọn aláwọ̀ àlùkò mi ti wà níbẹ̀. Mo ti ra fláàṣì. Mo ti ka ọjọ́ 60 lórí kàlẹ́ńdà ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, mo fi bírò pupa yí i ká. Ọmọ mi, ṣé ẹ lè yà sọ́dọ̀ mi ní Sátidé, kí a jọ kó àwọn fáìlì yẹn jáde?