Ọkọ mi dákẹ́ lójú wàhálà, èmi ò lè jókòó: ṣé ọ̀rọ̀ náà ò ká a lára ni?

Ìyá Àwọn Ọmọ:

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́, ẹ kú àjọṣe. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má sì bá mi jà.

Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ mi, ó sì kan òun náà. Ariwo ìyẹn ò tíì lọlẹ̀ tí ìyá ọkọ mi fi ṣubú, tí egungun ìbàdí wọn fi kán. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ṣì wà ní ọsibítù. Owó ilé ń bọ̀, owó ilé ìwé ń bọ̀.

Tèmi ni pé bí nǹkan bá ti le báyìí, ara mi kì í balẹ̀. Màá pe àbúrò mi, màá pe ọ̀rẹ́ mi, màá ṣí ìwé kalẹ̀, màá máa ṣírò owó. Tó bá di òru, ẹ ó bá mi nídìí kọ́bọ́ọ̀dù, mò ń tún aṣọ tí ẹnikẹ́ni ò ní kí n tò tò.

Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Á wọlé, á kí wa, á dojú kọ ògiri, ó di oorun. Tí mo bá ní, "Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?" á ní, "A máa rí i ṣe." Tí mo bá tún bi í, á dìde, á jáde. Lánàá mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó wò mí, kò fọhùn, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń dún wọ́ wọ́ wọ́ nítorí pé ọwọ́ ọ̀hún ń gbọ̀n.

Àbúrò mi ní ọ̀lẹ ni. Ọdún tá a ti jọ wà ti jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀lẹ. Àmọ́ ṣé ọ̀rọ̀ yìí ò wá ká a lára ni, àbí èmi ni mò ń sọ ọ́ di ńlá?

Alágídí:

Kò ká a lára. Olórí ilé kì í sùn nígbà tí ilé ń jó. Ẹ jí i.

Nọ́ọ̀sì Òru:

Alágídí, ǹjẹ́ ẹ ka ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n? Ara ẹni tí ọ̀rọ̀ ò ká lára kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀ka pàjáwìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá gbé aláìsàn dé, ẹ kàn wo àwọn ẹbí tó tẹ̀ lé e. Ọ̀kan á máa sunkún, ọ̀kan á máa bá wa jà pé a ò yára, ọ̀kan á ti máa béèrè ibi tí wọ́n ti ń sanwó, ẹnì kan á sì dúró sójú kan, kò ní mira. Ọmọ ìyá ni gbogbo wọn, aláìsàn kan náà ni wọ́n sì gbé wá. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tí kò mira yẹn la máa sáré gbé àga fún kó má bàa ṣubú lé wa lọ́wọ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Bí ọpọlọ bá ti rí ewu, á ránṣẹ́ sí kókó méjì tó jókòó sórí kíndìnrín, àwọn yẹn á tú èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa sáré, èémí á yára, ẹ̀jẹ̀ á dín kù níbi tí oúnjẹ ti ń dà, á pọ̀ sí i nínú iṣan apá àti ẹsẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń gbẹ, tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n. Tí wàhálà náà ò bá lọ, èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní cortisol náà á wọlé, kò sì ní tètè jáde. Adrenaline a máa pa ebi mọ́ni nínú. Cortisol tó bá pẹ́ lára a máa jẹ́ kí ẹlòmíràn máa jẹun ṣáá. Ọkọ á ní òun ò lè jẹun, aya á ṣí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì máa wo ara wọn bíi pé ọ̀kan nínú wọn ò mọ ohun tó ń lọ.

Walter Cannon, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, ti kọ̀wé nípa èyí láti 1915, pé ara ń múra láti jà tàbí láti sá. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ fi kún un pé àwọn kan wà tí wọ́n máa gan síbi tí wọ́n wà. Ní 2000, Shelley Taylor, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún sọ pé ọ̀nà mìíràn wà, pé ó sì wọ́pọ̀ lára obìnrin: kéèyàn máa tọ́jú àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, kó máa wá èèyàn mọ́ra. Àǹtí, ẹ tún ohun tẹ́ ẹ kọ kà. Ẹ pe àbúrò, ẹ pe ọ̀rẹ́, ẹ to aṣọ. Tiyín náà nìyẹn.

(Kì í ṣe pé gbogbo obìnrin rí bẹ́ẹ̀ o. Nílé tiwa, èmi ni mo máa ń dákẹ́, ọkọ mi ló máa ń rojọ́ kiri.)

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín: ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń sùn lóòótọ́, àbí ó kàn dùbúlẹ̀? Ṣé ohun tó máa ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ṣì ń dùn mọ́ ọn? Ṣé ó ti sọ ọ́ rí pé ayé ti sú òun? Ẹ má fi èyí tó kẹ́yìn yẹn falẹ̀ o. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ ni kí ẹ wá dókítà. Tó bá sì jẹ́ pé ìrẹ̀wẹ̀sì náà wà lójú rẹ̀ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ọ̀rọ̀ dókítà náà nìyẹn.

Adákẹ́ Má Fọhùn:

Irú ọkọ yín ni mí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣeé ṣe kó máa lọ nínú rẹ̀.

Kì í ṣe oorun. Mo máa ń dijú ni, owó ni mò ń kà nínú orí. Bí ìyàwó mi bá wá bi mí pé "Báwo la ṣe fẹ́ ṣe é?", tí mi ò sì ní ìdáhùn, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni pé "Ìwọ lo kó wa síbí." Òun ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Etí mi ló ń gbọ́ bẹ́ẹ̀. Bó bá ṣe ń bi mí sí i ni ẹnu mi ń wúwo sí i.

Ẹ fi ìbéèrè ńlá yẹn sílẹ̀. Ẹ bi í ní kékeré tó ní ìdáhùn: "Ta ló máa bá dókítà Màámi sọ̀rọ̀ lọ́la, ìwọ ni àbí èmi?" Ẹnu á là.

Òtítọ́ Korò:

Gbogbo yín ní kí obìnrin ní sùúrù. Ta ló ń ní sùúrù fún òun? Mo gbà pé bí ara ọkùnrin náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó ilé ò gbà á. Kó dákẹ́ bó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó sọ ìgbà tó máa fọhùn. "Mi ò lè sọ̀rọ̀ báyìí, ó di ọ̀la lálẹ́," ìyẹn ò ju ẹnu lọ. Kéèyàn kàn jáde síta láìsọ nǹkan kan, ó ti ju ẹrù sí ẹlòmíràn lórí nìyẹn.

Agbaninímọ̀ràn:

Òtítọ́ Korò sọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Àwọn tọkọtaya ló máa ń wá bá mi níbi iṣẹ́, mo sì máa ń ní kí wọ́n jọ dá àkókò fún ìdákẹ́ náà. John Gottman tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wo bí tọkọtaya ṣe ń jà ní tí ọkàn èèyàn bá ti ń lù ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan láàárín àríyànjiyàn, kò lè fetí sílẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ sinmi fún 20 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, kí ẹ sì má fi ogún ìṣẹ́jú ọ̀hún ro èsì tẹ́ ẹ máa fi gún un lára.

Ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu kàn. Richard Lazarus àti Susan Folkman, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ ọ́ ní 1984 pé ohun tó dé báni nìkan kọ́ ló ń kó ìdààmú báni. Ọkàn a máa bi ara rẹ̀ pé kí ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, kí ni mo sì lè ṣe sí i? Àǹtí, ẹ wo ìdáhùn yín sí ìbéèrè méjì yẹn. Lójú tiyín, owó ló fẹ́ bọ́, ẹ sì lè ṣírò rẹ̀. Lójú ọkọ yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ipò rẹ̀ nínú ilé ló bọ́, tí ìyá rẹ̀ sì wà lórí ibùsùn níbi tí kò ti lè ṣe nǹkan kan sí i. Inú ilé kan náà lẹ wà, ìṣòro kan náà kọ́ lẹ jọ ń kojú. Ẹ jẹ́ kó sọ tiẹ̀ kí ẹ tó mú ìwé ìṣirò wá.

Màmá Kékeré:

Ẹ má gbàgbé àwọn ọmọ o. Èyí tó ti dẹ́kun títọ̀ sílé lè tún bẹ̀rẹ̀, èyí tó máa ń ṣeré lè máa rojọ́ inú rírun láràárọ̀. Àwọn náà ń gbọ́.

Ìyá Àwọn Ọmọ:

Ẹ ṣeun gan-an. Nọ́ọ̀sì, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá àbíkẹ́yìn ṣeré. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kankan rí. Oorun lẹ sọ òótọ́ nípa rẹ̀: ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí yóò fi jí, á jókòó sétí ibùsùn. Màmá Kékeré, ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo ka tiyín, torí inú ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ń run ún lóòótọ́, mo sì ti rò pé ilé ìwé ló ń sá fún.

Mo bi í ní ti dókítà. Ó ní, "Èmi ni." Ó lọ, ó sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sínú bébà bọ̀ wálé, ó kọ ọ́ wínníwínní, títí kan ìgbà tí Màámi máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi igi rìn. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa owó.

Nọ́ọ̀sì Òru:

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ pa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn dé lóru. Tí ara bá kọ̀ tí kò balẹ̀, ẹ mí wọlé, kí ẹ wá mí jáde pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ṣe é fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Èémí tó ń jáde pẹ̀lẹ́ máa ń mú kí ọkàn rọra lù.

Òtítọ́ Korò:

Ó kọ ti dókítà wínníwínní. Owó ilé ńkọ́?

Ìyá Àwọn Ọmọ:

Sátidé, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti sùn. Òun ló mú ọjọ́.