CRP mi tún ròkè lẹ́yìn tí wọ́n ha eyín mi: ṣé ìtọ́jú náà ló ṣe mí ní jàǹbá?

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹbúté:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ nípa eyín àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ là mí lọ́yẹ.

Ẹja ni mo ń tà ní Ẹbúté, Ìkòròdú níbí. Ìtọ̀ ṣúgà wà lára mi, mo sì ń lo oògùn mi dáadáa. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí èrìgì mi ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Bí mo bá gé búrẹ́dì jẹ, ẹ̀jẹ̀ á kùn ún lára. Méjì nínú eyín iwájú nísàlẹ̀ ti ń mì. Òórùn ẹnu náà wà níbẹ̀, mo máa ń fọwọ́ bo ẹnu tí oníbàárà bá sún mọ́ mi.

Dókítà tó ń tọ́jú ṣúgà mi ló wo ẹnu mi, ó ní kí n lọ rí dókítà eyín. Ó tún kọ àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní CRP. Èsì rẹ̀ jẹ́ 6.8. Wọ́n ní ó ga, pé ara mi ń bá nǹkan jà. Mo lọ sí ilé ìwòsàn eyín, wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ tí ẹnu mi fi kú tipiri, wọ́n sì ha gbogbo eyín mi lókè nísàlẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, títí wọ abẹ́ èrìgì.

Lọ́jọ́ kejì mo yà sí láàbù kan láti mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́. CRP di 14! Ọmọ tó wà níbẹ̀ ní àrùn eyín ti wọnú ẹ̀jẹ̀ mi, pé kí n san owó abẹ́rẹ́ ọjọ́ márùn-ún kí òun máa wá gún un fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mi ò tíì dá a lóhùn. Ṣé híha yìí ló ba nǹkan jẹ́? Kí ni CRP yìí gan-an? Ẹ̀rù ń bà mí.

Bọ̀dá Ágírìkì:

Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Ìdí tí màmá mi kì í fi í jẹ́ kí wọ́n firin kan eyín wọn nìyẹn. Eyín tí wọ́n bá ti ha, kì í pẹ́ tó fi ń mì. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú iyọ̀ ni kí ẹ máa fi yọ ẹnu, kí ẹ sì máa rin orín àtà láàárọ̀. Ẹ má padà síbẹ̀ mọ́.

Oníṣẹ́ Eyín Sábó:

Ìyá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ má sì gba abẹ́rẹ́ kankan lọ́wọ́ ọmọ láàbù. Iṣẹ́ eyín ni mo ń ṣe ní Sábó níbí, èmi gan-an ni mo ń ha eyín fún àwọn èèyàn.

14 yẹn kò yà mí lẹ́nu. Bí wọ́n bá ha gbogbo ẹnu lẹ́ẹ̀kan, èrìgì á gbọgbẹ́, díẹ̀ nínú kòkòrò tó ti ń gbé abẹ́ rẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, ara á sì dìde sí i. Tonetti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò lára èèyàn 120 tí àrùn èrìgì wọn le, wọ́n gbé e jáde ní 2007. Àwọn tí wọ́n tọ́jú jinlẹ̀jinlẹ̀, CRP wọn ròkè lẹ́yìn wákàtí 24, òpó ẹ̀jẹ̀ wọn pàápàá kò ṣiṣẹ́ dáadáa ní ọjọ́ yẹn. Nígbà tó fi máa di oṣù mẹ́fà, òpó ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́ ju ti àwọn tí wọ́n kàn fọ eyín wọn lóréfèé lọ. Èsì ọjọ́ kejì ò lè sọ bóyá ìtọ́jú dára tàbí kò dára.

Èròjà kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ sí i nígbà tí ara bá ń bá nǹkan jà ni CRP, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe é. Kòkòrò á kọ́kọ́ kóra jọ sínú ìdọ̀tí tó ti gan sí ìdí eyín. Porphyromonas gingivalis wà lára àwọn tó burú jù nínú wọn. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á wá bá wọn jà níbẹ̀, àwọn èròjà bí interleukin-1 àti interleukin-6 á máa jáde. Interleukin-6 ló ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ dé ẹ̀dọ̀ tó ń mú kó máa ṣe CRP. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ó ti ń gòkè, nǹkan bí ọjọ́ kejì ló máa ń ga jù. Tí ohun tó fà á bá ti kúrò, ìdajì rẹ̀ á lọ láàárín bí wákàtí 19.

Àmọ́ CRP ò mọ èrìgì yàtọ̀. Ní 1930 tí Tillett àti Francis kọ́kọ́ rí i, ara àwọn tí òtútù àyà ń ṣe ni wọ́n ti rí i. Ibà ń gbé e sókè. Ara sísanrajù ń gbé e sókè. Ó dà bí ariwo téèyàn gbọ́ láti inú ọjà Sábó: ẹ mọ̀ pé ìjà ti bẹ́, ẹ ò mọ ìsọ̀ tó ti bẹ́. Tó bá ti kọjá 10, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ibòmíràn lára pẹ̀lú, kí wọ́n sì tún un ṣe nígbà tí ara bá ti balẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa bi wọ́n ni òǹkà èrìgì yín. Irin tín-ín-rín kan wà tí wọ́n fàmì sí lára, a máa ń rọra tì í sí àárín eyín àti èrìgì, ojú mẹ́fà lára eyín kọ̀ọ̀kan. Mìlímítà 1 sí 3 tí kò ṣẹ̀jẹ̀, ó dára. Láti 4 lọ, ihò ti ń ṣẹlẹ̀. Tó bá dé 6, búrọ́ọ̀ṣì kankan ò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé òǹkà náà hàn yín, ẹ̀tọ́ yín ni.

Bọ̀dá Ágírìkì, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yín lè mú kí ìyá pàdánù eyín. Eyín tó ń mì lẹ́yìn tí wọ́n ha á, egungun tó gbé e dúró ti jẹ lọ tẹ́lẹ̀; ìdọ̀tí líle yẹn àti èrìgì tó wú ló ń bò ó mọ́lẹ̀. Mi ò bá orín jà, ó ń fọ ojú eyín dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ fi ahọ́n kan ẹ̀yìn eyín iwájú nísàlẹ̀. Ẹnu ihò itọ́ wà lábẹ́ ahọ́n níbẹ̀, èròjà inú itọ́ ló ń mú kí ìdọ̀tí le. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń kọ́kọ́ bá a: àwọ̀ ìyeyè lókè, dúdú kirikiri lábẹ́ èrìgì. Orín kì í débẹ̀, omi iyọ̀ ò sì lè yọ ọ́.

Ìyá Ẹlẹ́ja Ẹbúté:

Ẹ ṣeun gan-an, ọmọ mi, Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín. Ìgbà wo ni kí n wá tún àyẹ̀wò ṣe? Ṣé lóòótọ́ ni pé èrìgì lè mú kí ṣúgà mi má balẹ̀? Àwọn eyín méjì yẹn ńkọ́?

Oníṣẹ́ Eyín Sábó:

Lóòótọ́ ni, mà, tọ̀tún tòsì ni wọ́n fi ń ba ara wọn jẹ́. Ṣúgà tó ga ń jẹ́ kí èrìgì tètè bàjẹ́, èrìgì tó wú kì í sì í jẹ́ kí insulin ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Nínú àwọn ìwádìí tí wọ́n kó pọ̀, ìtọ́jú èrìgì mú HbA1c, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn hàn, wálẹ̀ ní bí 0.4 lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ má torí ẹ̀ fi oògùn ṣúgà sílẹ̀ o.

Ẹ dúró di oṣù mẹ́ta, kí dókítà yín wá ṣe CRP àti HbA1c pọ̀, lọ́jọ́ tí ibà tàbí ọ̀fìnkìn ò ṣe yín. Àsìkò yẹn náà ni wọ́n á tún fi irin wọn èrìgì. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó ń wọ àárín eyín. Tó bá ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ara ń gbóná, tí ọyún ń jáde tàbí tí ẹ ò lè gbé nǹkan mì, ẹ má dúró de oṣù mẹ́ta, ẹ padà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Eyín méjì yẹn lè dúró díẹ̀ sí i tí wíwú bá ti lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun tó ti jẹ kì í hù padà fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá ṣì ń mì nígbà náà, ẹ ní kí wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, kí wọ́n sì wò ó bóyá wọ́n lè so wọ́n mọ́ àwọn tó dúró gbọin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ wọ́n kó tó di ìgbà yẹn láìjẹ́ pé ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún yín.