Ọtí ni wọ́n fi rẹ èèpo ìrà ní yàrá àyẹ̀wò, omi ògì ni ìyá mi ń lò: èwo ni kí a tẹ̀ lé?

Ọmọ Alágbo, Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀. Ìyá mi ń ta oògùn èfu ní Ọjà Ọba níbí, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí àwọn ìyá ọlọ́mọ ti ń rà á lọ́wọ́ wọn láti fi nu ẹnu àwọn ọmọ tí funfun bo ahọ́n wọn. Èèpo ìrà ni. Wọ́n á sá a níbòòji, wọ́n á gún un, wọ́n á sì fi omi ògì tó ti kan rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní oṣù tó kọjá, mo gbé díẹ̀ nínú èèpo náà lọ sí yàrá àyẹ̀wò kan, mo sanwó, wọ́n sì fún mi ní ìwé èsì. Wọ́n fi ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù rẹ apá kan, wọ́n fi omi lásán rẹ apá kejì, wọ́n sì da oje méjèèjì sínú ihò lára àwo ágà, ohun dídì tí wọ́n fi ń tọ́jú kòkòrò, tí wọ́n ti gbin kòkòrò Staphylococcus aureus sí. Àyíká ihò ti ọtí mọ́ kedere ní fífẹ̀ mìlímítà 17. Ti omi kò mọ́ rárá. Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìwé náà sí ìyá mi létí ni ọkàn wọn kò ti balẹ̀. Wọ́n ń bi mí bóyá ọtí ni kí àwọn máa fi rẹ ẹ́ báyìí, nítorí wọn kò fẹ́ ta ohun tí kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún wọn?

Olùwádìí Egbòogi:

Ẹ má jẹ́ kí ìyá fi ọtí rẹ ẹ́. Ẹnu ọmọ ọwọ́ ni à ń sọ yìí, ọtí kò sì gbọdọ̀ débẹ̀.

Ìwé tí wọ́n fún yín kò parọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ẹ gbé lọ kọ́ ni ó dáhùn. Candida albicans, tó jẹ́ ẹ̀yà ìwúkàrà, ló ń fa èfu. Bakitéríà ni Staphylococcus, ohun tó sì lé ọ̀kan sá lè má ṣe èkejì ní nǹkan kan. Ẹ ní kí wọ́n fi Candida gan-an ṣe é, kí wọ́n sì fi nystatin, tí àwọn dókítà ń kọ fún èfu, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí a lè rí ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ti omi tí kò mọ́ yẹn kò yẹ kó já yín láyà. Nínú àwo ágà, àfi kí èròjà inú oje rin gba inú ágà kọjá kó tó bá kòkòrò, bí omi ṣe ń fà gba inú iyanrìn. Èèpo igi kún fún tánìn, èyí tí ń mú ẹnu fún pọ̀, àwọn èròjà ńláńlá bẹ́ẹ̀ kì í sì í rìn jìnnà. Ọ̀nà tó sàn ni àwo oníhò 96: wọn á máa fi omi là oje náà sí ìdajì láti ihò dé ihò, wọn á da kòkòrò sí i, lẹ́yìn náà wọn á kán aró resazurin sí i. Búlúù ni aró náà, níbi tí kòkòrò bá ṣì wà láàyè ni ó ti ń di pupa rẹ́súrẹ́sú. Ihò tí oje rẹ̀ fúyẹ́ jù tó ṣì jẹ́ búlúù ni wọn yóò kọ iye oje inú rẹ̀ sílẹ̀. Bí iye náà bá ju mílígíráàmù 1 nínú mìlílítà kan lọ, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ka irú oje bẹ́ẹ̀ sí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé omi lásán ni wọ́n lò. Omi ògì ìyá ti kan, ásíìdì wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ èròjà alkaloid, irú èyí tó máa ń korò nínú ewéko, ló sì máa ń yòrò nínú omi kíkan ju omi lásán lọ, nítorí náà omi tiwọn kì í ṣe omi ìyá. Ṣùgbọ́n kíkan yẹn fúnra rẹ̀ lè lé kòkòrò sá. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí ihò kan jẹ́ ti omi ògì nìkan láìsí èèpo, kí òmíràn sì jẹ́ ti nǹkan tí wọ́n fi po oje ọtí. Láìsí ihò méjèèjì yìí, a kò lè mọ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà nínú ewé qinghao ní Ṣáínà, ooru ló ń ba agbára ewé náà jẹ́. Ìwé àtijọ́ kan ni kí a rẹ ewé náà sínú omi, kí a sì fún oje rẹ̀ mu, kò sọ pé kí a sè é. Èyí ló mú un lo ether, ohun olómi tí kò nílò ooru púpọ̀ kó tó hó, ní 1971. Ní 1972 ni wọ́n yọ artemisinin, èròjà tó ń wo ibà, ní 2015 Tu gba ẹ̀bùn Nobel. Bí alágbo ṣe ń ṣe é jẹ́ ara oògùn náà.

Ìyá Eléwé:

Ẹ bi ìyá yín léèrè ibi tí èèpo náà ti wá. Ìràódàn ni à ń lò, Bridelia ferruginea, ṣùgbọ́n ó ní ẹbí tó jọ ọ́, wọ́n sì ń kó wọn pọ̀ lọ́jà. Ẹ já ẹ̀ka tó ní ewé àti èso, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìpamọ́ ewéko tó wà ní Jericho, ní Ìbàdàn. Wọn á sọ irú igi tó jẹ́, wọn á sì fún yín ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín: ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó ń bó o kó má bó o yí ká igi, nítorí igi náà yóò kú. Igbó Ọ̀ṣun sì kọ́ ni ibi tí a ti ń bó èèpo igi.

Apòògùn, Òkè-Fìà:

Kí ẹ tún ṣe àyẹ̀wò bóyá omi rírẹ náà mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta nínú ìgò ọjà kì í ṣe ohun kékeré. Bí NAFDAC bá sì fún yín ní nọ́ńbà lọ́jọ́ iwájú, ara ìgò náà ni a ó ti kọ ọ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá lóòótọ́ ni ó ń wo àrùn tí ẹ sọ. Ọmọ tí kò bá lè mu ọmú mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ìyá rán an lọ lójú ẹsẹ̀.

Ọmọ Alágbo, Òṣogbo:

Ẹ ṣé púpọ̀. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sí wọn létí, wọ́n sì ní omi ògì ni àwọn ó máa lò lọ títí èsì mìíràn yóò fi dé. Ṣé kí n gbé e lọ bí ó ṣe wà nínú ìgò?

Olùwádìí Egbòogi:

Bẹ́ẹ̀ ni, ìgò méjì tí ẹ ti sè nínú omi gbígbóná: ọ̀kan fún oògùn, ọ̀kan fún omi ògì tí ìyá fi rẹ ẹ́, láti inú ìkòkò kan náà. Ẹ fi yìnyín sí i, ẹ má jẹ́ kó sùn lọ́nà, nítorí pé kíkan rẹ̀ ṣì ń pọ̀ sí i.