Ṣé odi òyìnbó wà ní Lọ́kọ́jà lóòótọ́?

Ọmọ Owé (Lúgbẹ̀, Àbújá):
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọjọ́ Jímọ́ tó kọjá, mò ń lọ sílé ní Kàbbà, ni rédíétọ̀ mọ́tò wa bá bẹ́ sí Lọ́kọ́jà. Ẹja yíyan ni mo fi ń pa ebi. Ọkùnrin tó tà á fún mi nawọ́ sí òkè Pátí, ó ní odi olókùúta òyìnbó wà lókè yẹn, ibẹ̀ ni Lugard jókòó sí tó fi ṣẹ́gun Bídá. Mo gun ọ̀kadà gòkè. Igi oṣè ràgàjì kan àti ilé kékeré kan ni mo rí. Odi dà?

Ìdí tí mo fi ń bèèrè ni pé bàbá tó bí màmá mi àgbà bá wọn ru ẹrù láti Lọ́kọ́jà dé Kàbbà lásìkò ogun náà. Màmá ní èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ títí ó fi kú.

Bàbá Tísà (Mínnà):
Àbúrò, ẹlẹ́ja yẹn lú ọ̀rọ̀ pọ̀. Ogun Bídá, oṣù kìn-ín-ní 1897 ni. Lugard ò sí níbẹ̀ rárá. Goldie, ọ̀gá Royal Niger Company, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ló kó nǹkan bí 500 sójà jáde ní Lọ́kọ́jà. Kàbbà ni wọ́n kọ́kọ́ forí lé, torí ibẹ̀ ni ọmọ ogun Tápà pàgọ́ sí. Kí wọ́n tó dé, Tápà ti sá. Ni wọ́n bá yí sí Bídá. Oṣù yẹn ò parí tí Bídá fi ṣubú. Nínú oṣù kejì, ó kan Ìlọrin.

Ní ti odi, Bídá tí wọ́n lọ bá jà ló ní odi! Odò Ọya ni odi tiwọn ní Lọ́kọ́jà. Ojú omi ni ìbọn àti ọta ń gbà wọlé, ọkọ̀ wọn ló sì ń ṣọ́ odò káàkiri kí àwọn Tápà tó wà lápá Kàbbà má baà lè sọdá lọ gba Bídá sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì (Gánájà):
Ẹ ṣé, Bàbá. Ilé kékeré yẹn, ilé ìsinmi Lugard ni wọ́n ń pè é níbí. Ìgbà tirẹ̀ dé ní 1 January 1900, nígbà tí wọ́n sọ àsíá Company kalẹ̀ ní Lọ́kọ́jà tí wọ́n ta ti ọba Gẹ̀ẹ́sì. Kò tilẹ̀ pẹ́ níbí. Jẹ́bà ló fi ṣe olú-ìlú Àríwá Nàìjíríà, kó tó kó lọ sí Zungeru. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi ẹlẹ́ja yẹn, ẹja wo ló tà fún yín?

Ọmọ Owé:
Àrọ̀ ni, Ìyá, ó sì dùn. Bàbá, kí ni wọ́n ń rù gan-an?

Bàbá Tísà:
Ọta, àgọ́, oúnjẹ. Orí ni wọ́n fi ń ru ìyẹn. Èyí tó bá ju agbára orí kan lọ, wọn a so ó mọ́ igi, wọn a gbé e léjìká. Èjìká wo ni tirẹ̀?

Ọmọ Owé:
Òsì ni, sà.