Èsì: "Apanáítíréètì"? "Dà" rẹ̀ dà?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o.

Mo ti pinnu pé n ò ní dá sí àríyànjiyàn wa lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún ẹ̀rọ kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí Ẹ̀gbọ́n wa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta pé "ẹ̀rọ apanáítíréètì" ni ká máa pe èyí tí àwọn tó ń sin ẹja òkun sínú táǹkì fi ń mú náítíréètì, ìdọ̀tí tó ń ti ẹ̀gbin ẹja wá, kúrò nínú omi, ọwọ́ mi ò gbélé mọ́. Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n. Èmi náà ń sin ẹja òkun, mo sì ní ẹ̀rọ yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì mi. Kò pa nǹkan kan.

Ẹ ní "pa" kì í ṣe ti ìpànìyàn nìkan, ẹ fi panápaná jẹ́rìí. Ó dáa. Bí panápaná bá pa iná, iná kú, ó tán. Náítíréètì ńkọ́? Bakitéríà inú ẹ̀rọ yìí ń gbé níbi tí ọ́síjìn ò sí. Ọ́síjìn ara náítíréètì ni wọ́n ń gbà fi mí, títí ohun tó kù fi di náítírójìn, tó ń hó lọ sínú afẹ́fẹ́ tí ìdá 78 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ náítírójìn tẹ́lẹ̀. Kò kú. Ó paradà ni. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Pa-ara-dà! Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni, èyí tí ọ̀rọ̀ mìíràn máa ń là sí méjì; orí rẹ̀ nìkan lẹ gbé wá, ẹ fi ìrù rẹ̀ sílé. Ẹ yọ "jẹ́" kúrò lára "abanijẹ́" kí ẹ wo ohun tó kù.

Mo rántí ìyá mi àgbà. Mo sáré wọlé lọ́jọ́ kan, mo ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ pa aṣọ." Wọ́n wò mí lókè nílẹ̀, wọ́n ní, "Kí laṣọ ṣe ẹ́?" Wọn ò mọ̀wé o. Láti ọjọ́ náà, n ò gbàgbé "dà" mọ́. Irú wọn dà lónìí?

Ẹni tó mú "asẹ́ náítíréètì" wá ní tirẹ̀, asẹ́ máa ń ní pàǹtí nínú. N ò tíì tú tèmi rí kí n bá náítíréètì nídìí rẹ̀. Ẹni tó sì ní "ajẹ-náítíréètì", irú tèmi, imí ọjọ́ ló kún inú rẹ̀. Imí ọjọ́ ni bakitéríà náà ń jẹ, náítíréètì ni wọ́n fi ń mí. Ẹni tó ń jẹun tó sì ń mí, ṣé "ajẹ-afẹ́fẹ́" là ń pè é? Omi tó bá jáde lára imí ọjọ́ ọ̀hún máa ń kan, nítorí náà mo kọ́kọ́ ń gbà á kọjá lórí èérún iyùn kó tó padà sọ́dọ̀ ẹja. Kíkán ni omi gbọ́dọ̀ máa kán gba inú ẹ̀rọ náà. Bó bá yára jù, ọ́síjìn á wọlé, náítíréètì á jáde bó ṣe wọlé, tàbí kó dúró lágbede méjì kó di náítíráìtì, tí ọ́síjìn ara rẹ̀ fi ẹyọ kan dín sí ti náítíréètì. Bó bá sì falẹ̀ jù, òórùn ẹyin òbu á gba ilé. (Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jà pé ike lásán ni, kì í ṣe "ẹ̀rọ", kó dúró ná.)

Ẹ kíyè sí náítíréètì àti náítíráìtì yẹn. Fáwẹ̀lì ló yà wọ́n, Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn sì ti ṣi ọ̀kan kọ sípò èkejì lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyẹn tí n ò fi fẹ́ orúkọ tó gbé ọ̀rọ̀ àyálò sínú. Àǹtí tó dá "apayọ̀dà" lábàá rántí "dà", mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Òótọ́ ni pé iyọ̀ ni náítíréètì, àmọ́ nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ ló wà nínú lítà omi òkun kan, a ò sì fẹ́ kí ìkankan nínú ìyẹn yí padà. Ẹni tó bá gbọ́ "apayọ̀dà" á rò pé omi mímu là ń ṣe.

"Apadọ̀tídà" ni tèmi. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní bakitéríà ara òkúta inú táǹkì tó ń sọ amóníà, ẹ̀gbin tó ń ti ara ẹja jáde, di náítíréètì náà ń pa ìdọ̀tí dà. Bẹ́ẹ̀ ni. Fèrèsé náà ń mú ilé tutù, a ò tìtorí ẹ̀ gba orúkọ lọ́wọ́ amúlétutù.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí wọ́n tó bí mi. Mo gbà, mo dọ̀bálẹ̀. "Dà" ṣì kù síbẹ̀. Àmì ìsàlẹ̀ ló sì ń gbà o, kí ẹnikẹ́ni má lọ kọ "apadọ̀tídá" fún mi lọ́la.

Ẹ jẹ́ n lọ wo ẹ̀kán omi mi. Òórùn kan ti ń yọ.