Ológbò mi ń gé mi jẹ bí mo bá ń fọwọ́ pa á lára

Ìyá Ìbejì
Ẹ̀yin ará, ẹ kú àsìkò yìí o. Ọ̀rọ̀ ológbò mi ló gbé mi wá. Abo ni, ó ti pé ọdún 2. Ìyá rẹ̀ kú, ni mo ṣe gbà á nígbà tó wà lọ́mọ ọ̀sẹ̀ 5. Fúnra rẹ̀ ló máa ń wá gun itan mi, á máa kùn, á máa fi orí nù mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi náà á máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Kò ní pẹ́, á kàn ki eyín bọ ọrùn ọwọ́ mi, á sì bẹ́ sílẹ̀. Tàná wọlé débi pé ẹ̀jẹ̀ jáde. Ẹnì kan nínú ẹbí wa ní kí n máa nà án. Mi ò fẹ́ nà án, àmọ́ ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà mí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Ọmọ ẹgbẹ́ 1
Ẹ má bínú, ojú egbò yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mójú tó. Eyín ológbò rí tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́: ihò rẹ̀ kéré, ó jìn, ó sì ń tètè pa dé mọ́ kòkòrò àrùn nínú. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà lónìí, kódà bí kò bá dùn yín. Ẹ sọ fún un bóyá ológbò náà ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn dìgbòlugi.

Ọmọ ẹgbẹ́ 2
Ìyá Ìbejì, kì í ṣe ìkà. Ó máa ń sọ fún yín kó tó gé yín jẹ. Tèmi náà ṣe é títí mo fi jókòó wò ó lọ́jọ́ kan. Mo fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kò sí nǹkan kan. Nígbà karùn-ún, ṣóńṣó ìrù rẹ̀ mì díẹ̀. Ó tún ń kùn lọ o! Lẹ́yìn náà ni awọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ̀n bí ìgbà tí atẹ́gùn fẹ́ sójú omi, etí rẹ̀ yí sẹ́yìn, ọmọlójú rẹ̀ fẹ̀. Ẹyọ kan sí i ni ìbá gé mi jẹ. Mo gbé ọwọ́ kúrò, kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ àgbọ̀n ni kẹ́ ẹ máa fọwọ́ kàn, kì í ṣe ikùn tàbí ìdí ìrù. Ẹ fọwọ́ pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ dúró. Bó bá tún fi orí wá ọwọ́ yín, ẹ máa bá a lọ.

Màmá Àgbà
Ọmọ mi, má nà án rárá. Ọwọ́ tí o fi nà án náà lo tún máa fi wá a lọ, ẹ̀rù ọwọ́ yẹn lá sì máa bà á. Jọ̀ọ́, ṣé o fọwọ́ bá a ṣeré nígbà tó kéré? Ṣé ó sì ti ń ṣe báyìí tipẹ́?

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣé, Mà. Bẹ́ẹ̀ ni, abẹ́ aṣọ ìbora la ti máa ń ṣe é. Ó ti ń gé mi jẹ tipẹ́, àmọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ 3 ló ti le sí i.

Màmá Àgbà
Ibẹ̀ ni mo ń bọ̀. Àárín àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ni ọmọ ológbò ti ń mọ bí eyín òun ṣe ń dunni tó: bó bá géni jẹ jù, èkejì á ké, á fi eré sílẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 5 kò tíì kọ́ ìyẹn tán. Wá okùn tí o so ìyẹ́ mọ́, fi bá a ṣeré fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, jẹ́ kó rí i mú, kó o tó fún un lóúnjẹ. Bó bá di ọwọ́ rẹ mú, má fà á. Ohun tó ń sá ni wọ́n ń lé. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le yìí, ìrora lè wà nídìí rẹ̀, eyín tàbí oríkèé. Gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Kíkùn kì í ṣe ẹ̀rí pé ara rẹ̀ le. Wọ́n máa ń kùn nínú ìrora náà.

Ìyá Ìbejì
Mo ti dé láti ilé ìwòsàn, wọ́n fún mi ní oògùn. Ọ̀la la ó lọ rí dókítà ẹranko. Nírọ̀lẹ́ yìí ó tún gun itan mi. Mo fọwọ́ pa á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìrù rẹ̀ mì, mo gbé ọwọ́ kúrò. Ibẹ̀ náà ló sùn sí.