Iṣẹ́ graduate trainee ní ilé-iṣẹ́ ìṣirò owó: ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. OOU, Àgọ́-Ìwòyè, ni mo ti ka Accounting, 2:1 ni mo gbà, mo sì ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán. Mo fẹ́ kọ̀wé sí KPMG, PwC àti Deloitte. Ṣé kí n kọ́kọ́ parí ìdánwò ICAN, ti ẹgbẹ́ àwọn akáǹtáǹtì Nàìjíríà, ni? Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn fi ń yan èèyàn náà ń já mi láyà.

Ẹ̀gbọ́n Ṣágámù: Àbúrò, má dúró de ICAN rárá! Ọ̀pọ̀ ló ń parí ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà yẹn ni kó o gbájú mọ́. Wọn ò ní bi ọ́ ní debit àti credit níbẹ̀ o. Wọ́n á gbé àtẹ owó síwájú ẹ: owó tó wọlé kúrò ní ₦80m, ó di ₦92m, ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé? 15 ni. Kó o tó mí kanlẹ̀, kó o ti rí i. Aago ni mo máa ń gbé síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tá a bá ń ṣe é, ọwọ́ ẹ̀ sì ti yá gan-an.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ iná o. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà ni kó o ti ṣe é.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní irú ìbéèrè yẹn sí i.